“In due course” àti Èbù Bàbá Mọ́ńdè

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta 2025
Òjò àkọ́rọ̀ ti dé. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé náà tún dé láti Òde Rẹ́mọ – Bàbá Mọ́ńdè ni mo sọ wọ́n, gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n ń wá sí ọ́fíìsì wa n'Íkẹ́nnẹ́. Ilé-iṣẹ́ wa ti wọn oko wọn, ẹ̀sítéètì la fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìwé tí a fún wọn ní kí wọ́n má tíì gbin nǹkan kan, wọn yóò gbọ́ látọ̀dọ̀ wa “in due course”. Wọ́n bi mí pé kí ni ìyẹn. Mo ní, nígbà tí àsìkò bá tó. Inú wọn dùn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àsìkò lójú wọn ní oṣù, ó ní òjò. Wọ́n ní oṣù wo wá ni? Mo ní kí wọ́n padà wá.

Ọjọ́rú, 12
Èmi ni mo tẹ ìwé yẹn. Ẹni tí a bá fẹ́ dá lóhùn, a máa ń kọ ọjọ́ sínú ìwé rẹ̀. “In due course” wà fún ẹni tí a ò ní dá lóhùn. Fáìlì rẹ̀ á gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́rin rèé, mi ò rí èyí tó sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 17
Bàbá ní èbù ewùrà ti ń bàjẹ́ nínú abà. Mo wo ilẹ̀kùn Ọ̀gá Táì, ọ̀gá ọ́fíìsì wa. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo bi Ọ̀gá Táì – Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, tí kì í tú táì nínú ooru – bóyá Bàbá lè gbin ti ọdún yìí. Ó ní katakátá ò lè dé ibẹ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ síta, kó máa wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Mo ní yẹsà. Èmi nìkan ni Dámisọ́lá ọmọ mi ní.

Ọjọ́ Ajé, 24
Bàbá ò wá. Òjò rọ̀ títí.

Ọjọ́bọ̀, 27
Mo pinnu. Mo tún yí i padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Mo wọ takisí lọ sí Òde Rẹ́mọ. Kí n tó jókòó dáadáa, ìyàwó Bàbá ti gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ìgbà náà ni mo sọ ọ́: “Bàbá, ẹnikẹ́ni ò ní kọ̀wé sí yín. Ẹ lọ gbin ewùrà yín.”

Bàbá wo abọ́ iwájú mi.

“Èbù ewùrà náà nìyẹn, ọmọ mi. Ó ti ń jẹrà. Yèsí á fi èbù dúró de ìwé?”

Wọn ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n jẹun, oúnjẹ ń tutù.

Mo jẹ ẹ́ tán.