Èdìdì Yín Lára Fóònù Onísíìmù Méjì Tó Yadi ní Òdìkejì Ẹnubodè

Ilé Kejì Lẹ́yìn Ilé Ìfọṣọ,
Òpópónà Àwọn Awakọ̀,
Nítòsí Gáréèjì Ọkọ̀ Ẹrù.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Fóònù àti Nẹ́tíwọ̀kì,
Àjà Kejì, Ilé Onígíláàsì,
Òpópónà Ilé Ìfowópamọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÈDÌDÌ TÍ Ẹ LẸ̀ MỌ́ FÓÒNÙ TÍ KÒ LÈ SỌ̀RỌ̀ NÍ ÒDÌKEJÌ ẸNUBODÈ, ÈYÍ TÓ FẸ́ GBA IṢẸ́ LỌ́WỌ́ ÌYÁ MI

1. Èmi ni ọmọ obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹja dídì, ọkọ̀ gbọ̀gbọ̀rọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ fìrísà, tó máa ń kó ẹja láti etíkun wa lọ sí ọjà orílẹ̀-èdè kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ayékòótọ́ ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò, nítorí kò sí ohùn tí mi ò lè fi sọ̀rọ̀. Mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí tíṣà kọ́ wa ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, mo wà ní kíláàsì, mi ò sì sùn. Ó ní a kì í bú ọ̀gá nínú irú lẹ́tà yìí. Mo ń gbìyànjú.

2. Lọ́dún yìí ni táyà gun fóònù àtijọ́ tí ìyá mi ń lò, a sì lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó dojú kọ ilé epo. Ohun tí ìyá mi ń wá kò ṣòro: fóònù tó ń gba síìmù méjì, kí síìmù tibí wà nínú ihò kìíní, kí síìmù ti òdìkejì wà nínú ihò kejì, kí ọ̀gá rẹ̀ lè máa rí i bá sọ̀rọ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ bá wà. Ó bi ẹni tó ń tà á ní gbangba, mo wà níbẹ̀, pé ṣé yóò ṣiṣẹ́ tí òun bá kọjá ẹnubodè. Ọkùnrin náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ẹlẹ́nu Oyin, kò tilẹ̀ wo fóònù. Èdìdì yín tó wà lára páálí ló fi ìka lù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni." Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ àwòrán òpó yín tó ń tàn: A TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ. Ó Ń ṢIṢẸ́ NÍ GBOGBO ORÍLẸ̀-ÈDÈ.

3. Ó ki síìmù méjèèjì bọ inú rẹ̀. Àmì nẹ́tíwọ̀kì yọ lókè, ti méjèèjì kún. Ó pè é, ó dún. Inú wa dùn, a gbé e lọ sílé. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà yẹn, tó sì yẹ kí ẹ̀yin mọ̀, ni pé òpó nẹ́tíwọ̀kì tibí ni síìmù àjèjì náà yá lò níwọ̀n ìgbà tí a ṣì wà níbí. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù náà dé òdìkejì wò. Ta ni í gbé ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ, kó wá ní òun ti dán an wò, kò jò?

4. Ní oṣù tó kọjá, ìyá mi kó ẹja kọjá. Kò tíì jìnnà sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè tí ẹ́ńjìnnì fìrísà fi dákẹ́. Òfin ọ̀gá rẹ̀ ni pé mẹkáníìkì kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fìrísà yẹn àfi èyí tí òun fúnra òun bá rán wá. Ìyá mi mú fóònù. Síìmù kìíní, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Síìmù kejì, kò sí. Ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó fi irin rẹ̀ ṣí ojú ihò, ó gbé síìmù ọ̀tún sí òsì, kò sí. Ó gun orí ọkọ̀ nínú oòrùn, ó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi han àwọn áńgẹ́lì. Kò sí. Gbogbo àwọn tó yí i ká sì ń pe ilé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù tiwọn.

5. Ó yá fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ pè mí kí n sáré lọ bá ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká gbé fóònù wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó wá pe ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Fìrísà ti kú, ẹja ti ń yọ́, ẹ bá mi rán mẹkáníìkì wá." Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayékòótọ́, mo ti mọ̀ ọ́. Àwọn ẹja tún ti jí? Lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ." Ìyá mi ní òun ni, òun gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Ọ̀gá ní ohùn náà pé pérépéré, ní ọjọ́ kan ọmọ yìí yóò di èèyàn ńlá. Ó pa ìpè náà. Kò gbé nọ́ńbà àjèjì yẹn mọ́.

6. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé, ṣáájú ìgbà náà, mo ti fi ohùn ìyá mi pè é láti orí fóònù ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ní àwọn ẹja ti jí nínú fìrísà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sílé lọ bá ìyá àwọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ kiri fún àwọn oníbàárà. Ìyá mi ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gba tirẹ̀ lára mi, ọ̀rọ̀ sì ti tán láàárín wa. Mi ò mú un wá síwájú yín kí ẹ lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ká ní fóònù ìyá mi ṣiṣẹ́ ni, nọ́ńbà ìyá mi ni ọ̀gá ì bá rí, orúkọ ìyá mi ni ì bá yọ sójú fóònù rẹ̀, kò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù tí ẹ jẹ́rìí sí ló sọ ìyá mi di àjèjì sí ẹni tó gbà á síṣẹ́.

7. Ìlà ọkọ̀ tó ń padà wálé lọ́jọ́ náà kò sún. Kí ìyá mi tó kọjá sí ìhà ibí, kí àmì nẹ́tíwọ̀kì tó yọ, omi ẹja ti ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Gbogbo ológbò gáréèjì ló tẹ̀ lé e wọlé. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi í kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó ní èmi ni mo pe òun lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi sùn lọ ni, tàbí kó jẹ́ pé ńṣe ló pa fóònù. Ìyá mi ní fóònù kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni. Ọ̀gá ní kó gbé páálí rẹ̀ wá, ó yí i wò, ó rí èdìdì yín. Ó ní, "Ta ni kí n gbà gbọ́, ìjọba ni àbí ìwọ?" Ó ní tí ìyá mi kò bá rí nǹkan mú wá láti ọ́fíìsì yín kí oṣù yìí tó parí, awakọ̀ mìíràn yóò gba kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò ni ìyá mi ti ń wa ọkọ̀ yẹn. Ní báyìí, láràárọ̀ ló ń wọ bàtà tó fi ń wakọ̀, tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń wo gáréèjì.

8. Mo lọ bá Ẹlẹ́nu Oyin. Ó tún fi ìka lu èdìdì yín. Mo bá padà sílé, mo sì fi ohùn ìyá olówó kan pè é, irú àwọn ìyá tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń gba imú jáde. Mo ní mo fẹ́ ra irú fóònù yẹn fún gbogbo òṣìṣẹ́ mi tó ń rìnrìn àjò kọjá ẹnubodè. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Háà, ìyá wa, ẹ má ra ìyẹn o. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Báńdì rẹ̀ kò bá ti òdìkejì mu, ihò kejì rẹ̀ kò sì gbà ju nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pa ìyẹn lọ́hùn-ún. Òmíràn wà tó jọ ọ́, lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀ ló yàtọ̀. Òun ni kí ẹ mú." Ẹ̀yin mọ ohun tó ń jẹ́ báńdì jù mí lọ: ọ̀nà tí nẹ́tíwọ̀kì ń gbà nínú afẹ́fẹ́ ni. Fóònù tí kò mọ ọ̀nà náà dà bí ẹni tó dúró sí ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kì í yà sí. Ẹlẹ́nu Oyin mọ̀. Ó mọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi bi í. Mo padà síbẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un níwájú àwọn oníbàárà, ní ohùn rẹ̀ gan-an, títí kan bó ṣe ń la ẹnu. Ó lé mi dé ilé epo.

9. Mo mú ìyá mi wá sí ọ́fíìsì yín. A jókòó lábẹ́ fáànù kan tó ń ké bí ọmọ ológbò. Òṣìṣẹ́ yín obìnrin tó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀ gba fóònù, ó fi tirẹ̀ pè é, ó dún lórí tábìlì. Ó ní, "Ó kúkú ń dún, mà." Ìyá mi ní, "Níbí ló ti ń dún, ọmọ mi. Mi ò sọ pé kì í dún níbí." Ó ní ohun tó bá ti ń dún kò ṣàìsàn, kí a pe nọ́ńbà ẹ̀hónú. Ẹ̀rọ ló ń gbé nọ́ńbà ẹ̀hónú yín. Ó ní kí n tẹ kìíní, kí n tẹ ìkejì, kí n ní sùúrù, ìpè mi ṣe pàtàkì. Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tí èèyàn ẹlẹ́ran ara gbé e níkẹyìn, inú ti bí mi débi pé ohùn ẹ̀rọ yín ni mo fi dá a lóhùn, mo ní kí òun náà tẹ kìíní. Ó pa á.

10. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ọ̀gá, mi ò lè fi bò. Ẹ jẹ́rìí sí ohun tí ojú yín kò rí. Orí iyanrìn gbígbẹ lẹ ti dán an wò, bí Ẹlẹ́nu Oyin ṣe dán an wò, bí òṣìṣẹ́ yín ṣe tún dán an wò lójú wa. Ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń fi irọ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n mi ò lẹ èdìdì mọ́ irọ́ mi rí.

11. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ẹ rán òṣìṣẹ́ yín kan, èyí tó dán fóònù wò lórí tábìlì ló wù mí jù, kó gbé fóònù ìyá mi kọjá ẹnubodè, kó sì gbìyànjú láti pè yín. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ti purọ́, ẹ wá mú mi. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ kọ ohun tó rí sórí ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìyá mi kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bó èdìdì náà kúrò lára gbogbo páálí tó kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ orílẹ̀-èdè tí báńdì fóònù bá mu síbẹ̀, àti ohun tí ihò síìmù kọ̀ọ̀kan lè gbà, ní èdè tí awakọ̀ lè kà.

12. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà àbùjá wà. Mo ti gbọ́ ohùn Alága lórí rédíò. Kò le: ẹ máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé "ní pàtàkì jù lọ", ẹ sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa ṣòkòtò sókè. Tí mo bá pe ọ̀gá ìyá mi ní ohùn yẹn, kọ́kọ́rọ́ á ti kúrò lórí ìṣó kí iná tó ràn dáadáa lábẹ́ ìkòkò. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Kò pariwo mọ́ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń nù. Ó ní, "Òótọ́ ni mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní fi irọ́ gba ohun tí òótọ́ mi pàdánù padà." Ó wá ra ìwé yìí fún mi, ó ní kí n jókòó, kí n kọ ọ́ ní ohùn ara mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ohùn náà.

13. Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Nígbà tí ẹ bá ti rí òótọ́, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá náà, tàbí kí ẹ rán èèyàn lọ bá a lójúkojú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é lórí fóònù. Yóò rò pé èmi ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tìbínú tọ̀wọ̀,

Ayékòótọ́,
Ọmọ awakọ̀ ẹja, ọmọṣẹ́ télọ̀.