Oówo Tí Kò Dùn Mí

Sísì mi, Màmá Láolú,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara gbogbo ilé Ọ̀wọ̀ le, àti bàbá àwọn ọmọ? A wà ní Uselu níbí, à ń dúpẹ́. Ikọ́ Dámilọ́lá ti lọ. Mista Osaro oníkẹ́mísìtì ló wò ó sàn. Òun náà la máa ń sáré lọ bá fún ibà àti inú rírun. Kì í dá ẹnikẹ́ni padà.

Sísì, ó dá mi padà lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ní kó fún mi lóògùn oówo tó sọ mí lọ́mú. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo fayọ̀ dáhùn pé rárá o, kò tiẹ̀ dùn mí. Ńṣe lojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Madam, abeg, go hospital,” kò sì ta nǹkan kan fún mi.

Ọkọ mi rò pé mo ti ra oògùn. Fitamíìnì àwọn ọmọ ni mò ń gbé mì lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè dá lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú mi lọ. Olúwa á ṣọ́ yín lọ́nà.

Ẹ bá mi gbàdúrà pé kó ti máa dùn mí kí ẹ tó dé.

Àbúrò yín,
Ṣèyíọlá