Ráífù Tí Kò Pa Ẹran Rí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àárọ̀ níbi tí ẹ wà, bí àárọ̀ bá ń mọ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò ti dá, ọyẹ́ ti ń yọjú, koríko orí ibojì yín sì ti gbẹ. Mo lọ fà á tu ní Sátidé tó kọjá. Sátidé ṣì máa ń ṣe mí bákan, Bàbá. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, etí mi á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, bóyá n ó gbọ́ ìró bàtà yín, kí ẹ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ má pè mí, kí ẹ kàn lọ dúró síta máa retí mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bá sọ. Màámi ni ǹ bá sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ọ̀rọ̀ tó bá ti le díẹ̀ ló ń gbé oorun lọ lójú wọn. Nípa àwọn ìbọn yín ni. Wọn ò sí nílé mọ́. Èmi ni mo kó wọn jáde, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Títí ẹ fi kú ni àwọn ará àdúgbò ń pè yín ní ọdẹ, ẹ ò sì ṣọdẹ rí láyé yín. Ìgbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní póósítọ́fíìsì n'Íbàdàn ni ọ̀gá yín kan mú yín lọ síbi tí àwọn ènìyàn ti ń yìnbọn sí bébà láti fi ṣeré, bí àwọn mìíràn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí ta ayò. Ohun tí ẹ gbé bọ̀ n'Ìwó nìyẹn nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì: ráífù kékeré kan, àti ìbọn ìléwọ́ kan tó ń fi afẹ́fẹ́ ju ọta tí kò tó hóró àgbàdo. Ìwé àṣẹ wọn wà lọ́wọ́ yín, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kì í jáde láìfi í sápò.

Ọ̀nà Olúpọ̀nnà la máa ń gbà. Ẹ óò wé ráífù sínú ẹní, èmi á gbé páálí àti fúláàsì tíì dání, a óò jọ gun ọ̀kadà kan náà. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko á kí yín ní àrìnpa, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò dúpẹ́. Bí a bá ń bọ̀, wọ́n á wo ọwọ́ wa, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì máa kí yín pẹ̀lẹ́. Ẹ ò sọ fún wọn rí pé páálí la lọ pa.

Ẹ rántí ibi tí katakata ti wa iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn oko kajú wa, tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí ògiri gíga? Ibẹ̀ la máa ń gbé páálí tì. Ẹnu ife ni ẹ fi ń ya òbìrí-bìrí ojú rẹ̀. Ẹ óò tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ẹ óò bọ́ aago ọwọ́ yín sínú àpò àyà nítorí ẹ ní ariwo rẹ̀ ń dí yín lọ́wọ́, ẹ óò dọ̀bálẹ̀, ẹ óò sì máa kun orin ìjọ lábẹ́ imú. Nígbà tí orin náà bá dákẹ́, mo ti mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Ìró rẹ̀ kì í tilẹ̀ pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́.

Ìbọn ìléwọ́ ni ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Apá mi ń gbọ̀n bí ewé. Ẹ ní kí n má bá apá mi jà, kí n mí sínú, kí n mí síta díẹ̀, kí n wá dúró de ọkàn mi kó balẹ̀, pé ìka á fa ìbọn fúnra rẹ̀. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ódò-Orí. Ẹ kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ wo páálí láìjẹ́ pé ẹ ti ṣí inú ìbọn sílẹ̀, tí ẹ ti fi ìka ọmọńdinrín tọ́ ọ wò. Ẹ ní ìbọn tó dá ènìyàn lójú pé ọta ò sí nínú rẹ̀ ni í pa ará ilé ẹni. Màámi kọ́kọ́ bínú pé kí ni ọmọbìnrin ń fi ìbọn ṣe. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń jí dín àkàrà tí a ń gbé lọ, tí a bá sì dé, wọ́n á bèèrè ẹni tó borí. Èmi ni ẹ máa ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ni.

Lọ́jọ́ kan, àparò kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde níwájú páálí. Ẹ ti fi ìka sí i. Ẹ yọ ọ́ kúrò, a sì dúró títí tí gbogbo wọn fi rọra kọjá wọ inú koríko. Mo bi yín ìdí tí ẹ kì í fi pa ẹran. Ẹ yọ aago yín lápò àyà, ẹ ń wò ó. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ohun kan ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi? Tàbí ó kàn wù yín kí ohun kan wà láyé tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára?

Àwọn ajínigbé ló ba ayé wa jẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àgbẹ̀ lápá Ilé-Ogbó, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà oko. Ẹ ní àwa kò ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà, a sì jáde ní Sátidé yẹn bí a ti ń jáde. Mi ò tíì bá yín sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Múfú, ẹni tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, ló ṣíwájú wọn. Kò mọ̀ yín. Ó tú ẹní, ó rí ráífù, ó ní kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ gbọ́wọ́ lérí. Ẹ̀yin, àgbàlagbà, ẹ kúnlẹ̀ sínú eruku. Fìlà yín jábọ́. Mò ń pariwo pé bàbá mi ni, pé ìwé wọn wà lápò, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn títí àgbà kan láàárín wọn fi dé, tó dá yín mọ̀, tó sì bú wọn.

Múfú gbé ráífù padà fún yín, ó kọjú ẹnu ìbọn náà sí yín láyà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ní, “Ọmọ mi, má máa na ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn.”

Ohun tí ẹ sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A délé, ẹ fi epo nù ún, ẹ tì í mọ́nú àpótí, a ò sì jáde mọ́. Bí mo bá bi yín ní Sátidé, ẹ óò ní orúnkún ń dùn yín. Ṣé orúnkún ni lóòótọ́? Tàbí nítorí pé ó ṣojú mi ni? Ká ní ẹ dá lọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀ bá padà lọ? Ọyẹ́ ò tíì ká nílẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù yín, ẹ ò sì fi ẹnu yẹn sọ ohunkóhun mọ́.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí Múfú wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tọrọ àforíjì nítorí yín, ó ní láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti òun láti wá. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ṣakabùlà ni gbogbo ìbọn ọwọ́ àwọn, pé bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, àfi kí ènìyàn tún jókòó rọ ẹ̀tù mìíràn sínú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ibi tí ráífù yín bá wò ló ń bà, kí a jọ̀ọ́ fi yá àwọn títí ọ̀nà á fi tòrò. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi Délé l'Ékòó. Ó ní kí a gbé e fún un, kí ló ń ṣe nínú àpótí. Màámi ní ẹni tó mọ ìbọn nínú wa ni kó sọ̀rọ̀. Òun àti Múfú wá ń wò mí.

Mo sọ fún Múfú pé òfin ò gbà á, pé bí ẹni tó ni ìwé àṣẹ bá ti kú, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ìbọn ń padà sí. Òótọ́ ni mo sọ, Bàbá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Òótọ́ tó kù ni pé mi ò lè fojú inú wo ráífù yín kó kọjú sí ènìyàn, ì báà jẹ́ ènìyàn burúkú. Múfú kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lára aṣọ rẹ̀.

“Àǹtí,” ó ní, “àwọn tó ń bọ̀ wá ká wa mọ́ oko ò ní bi wá léèrè ìwé àṣẹ.”

Ó kí Màámi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kó ìbọn méjèèjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ṣí inú wọn lójú ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀, mo fi ìka tọ́ wọn wò. Ó bèèrè irú ẹran tí ẹ máa ń pa. Mo ní páálí. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o, ó sì kó wọn wọlé. Mo ká ẹní òfìfo sábẹ́ apá, mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ajínigbé tún dá àwọn àgbẹ̀ lọ́nà. Múfú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbá tẹ̀lé wọn wọ igbó, òun ló wà níwájú. Wọ́n ní ó yin ṣakabùlà rẹ̀, kò dún. Àárín àwọn méjì ni wọ́n gbé e sí lórí ọ̀kadà bọ̀ wálé, wọ́n sì sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo lọ. Ọ̀ọ́kán ni mo dúró sí láàárín àwọn obìnrin, mi ò lè súnmọ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ Sìkírá jókòó sí.

Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ráífù náà. Nínú igbó tó dí báyẹn, ṣé ì bá gbà á sílẹ̀? Ẹni tí kò yìn ín rí, ṣé ibi tó wò ni ì bá bà? Tàbí ọwọ́ àwọn ajínigbé ni ì bá wà lónìí, tí wọ́n ń fi ká àwọn mìíràn mọ́ ọ̀nà? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ká ní ẹ̀yin ni Múfú wá bá, ẹ̀yin tí ó mú kúnlẹ̀, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ẹ̀ bá gbé e fún un, kí ẹ sì bá a lọ. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Mi ò gba ìkóríta mọ́. Ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sìkírá wọlé wá bá mi. Ó ti parí opó rẹ̀. Ó di Rọ́fíà ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó mú aṣọ yúnífọ́ọ̀mù dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sáré gbé e dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ náà, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó dúró jẹ́ẹ́, àwòrán Múfú ni gẹ́lẹ́. Téèpù bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mú un, mi ò lè gbójú sókè mọ́.

Sìkírá ní kí ọmọ lọ dúró níta. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ kó tó jáde nílé.

“Àǹtí, ó sọ fún mi pé ẹ ò fún òun. Inú bí mi sí yín, ó ṣì ń bí mi, mi ò lè purọ́. Àmọ́ òun ò bínú. Ó ní ẹ jọ bàbá yín.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ fi ìṣẹ́tí tó pọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ yúnífọ́ọ̀mù náà, nítorí ọmọ náà ń yára ga. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ìta.

Ní báyìí, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Rọ́fíà máa ń juwọ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ kì í wo ọ̀dọ̀ mi. Mo máa ń pa máṣíìnì, mo máa ń dìde dúró títí wọ́n á fi kọjá.

Àárò yín ń sọ mí, Bàbá. Bí ọ̀nà kan bá wà tí òkú fi ń fún ọmọ lésì, mi ò lọ síbì kankan.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pè yín ní olóògbé.