Ìgò Kejì Lẹ́nu Ọ̀nà Ọkọ̀ Òkun

Àǹtí mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá ọkọ mi ti fúyẹ́. Inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ẹ sanwó ẹ̀ fún wa ni mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tá a ti ṣègbéyàwó, ìtìjú ò jẹ́ kí n lè sọ níta pé ọkọ mi nìyí. Lánàá tá a fẹ́ wọkọ̀, òun ló gbé ìgò wáìnì méjèèjì tẹ́ ẹ fún wa, èmi dúró lẹ́yìn bí àlejò. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní, "Ìgò kan fún àgbàlagbà kan lòfin wa. A máa gba ìkejì, àfi tẹ́ ẹ bá lẹ́nìkejì."

Ọkọ mi wojú mi. Ni mo bá ké pé, "Èmi nìyàwó ẹ̀. Èmi ni mo ni ìkejì."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, a ò tíì ṣí ọtí, ẹ ti ń pariwo."

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń dì mú kiri inú ọkọ̀, òun ló wá ń tijú. Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ fún wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ àwa méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn lẹ́tà.

Àbúrò yín,
Ìyàwó Télọ̀