Máàkì Iwájú Orúkọ Kọkànlá

Sátidé, 8 Júùnù 1996
Mo ṣe nǹkan kan lónìí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò àwọn tó ń kọ́ ìmòòkùn ni, ní púùlù kílọ́ọ̀bù ní Barnawa níbí. Iṣẹ́ tèmi — kí n máa pe orúkọ látinú ìwé. Ẹni tí mo bá pè á wọmi tọ Ọ̀gá Oyèdélé, olùkọ́ wọn, lọ. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á yọ dígí ojú rẹ̀, á dá a padà, á fi imú fẹ́ omi inú rẹ̀ jáde. Tó bá ṣe é dáadáa, Ọ̀gá á yọrí, á mi orí sí mi, èmi á máàkì. Ọ̀gá kì í ka iye. Gbogbo wọn ló fi dígí bojú. Ìwé ọwọ́ mi ló gbójú lé.

Ẹni kọkànlá, ẹni ìkẹyìn, àbúrò ọkọ mi ni. Àtọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pe orúkọ yẹn rí. Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè é bẹ́ẹ̀ létí púùlù, àwọn ọmọ Hausa sọ ọ́ di orin: "Agunta, zo mana," pé kó máa bọ̀ o. Ojú tì í, ojú tì mí. Nítorí náà mo ní ojú ni màá fi pè é lónìí. Mo wò ó. Ó wolẹ̀, kò wọmi. Mo mọ̀dí ẹ̀ — ó ti sọ nílé pé tómi bá ti wọ òun nímú, òun ò mọ ohun tóun ń ṣe mọ́.

Òjò ṣú. Àwọn yòókù ti ń sá lọ wọṣọ. Ọ̀gá jáde, ó ní, "Ṣó parí?"

Mo ní ó parí, sà. Mo máàkì mọ́kànlá.

Sọ́ńdè, 9
Mi ò gba Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ mi jáde, mo ní ó ń sunkún. Kò sunkún.

Mọ́ńdè, 10
Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí mọ́kànlá. Èmi ni mo táìpù orúkọ wọn.

Ọjọ́rú, 12
Agùntáṣọọ́lò ti ríṣẹ́. Kọngilá kan mú un lọ sí dáàmù, kó máa kó pàǹtírí kúrò lára irin abẹ́ omi. Ìyá ọkọ mi gbá mi mọ́ra. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ lo mú ọmọ mi mọ Ọ̀gá." Mo sá wọ kíṣìnì. Mi ò mọ ohun tí mo wá mú níbẹ̀.

Jímọ̀, 14
Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì mo bi í bóyá á mu tíì.

Sọ́ńdè, 16
Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀mípọ̀sí. Wọ́n ní, "Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé e ni?" Mo ní rárá. Irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Mọ́ńdè, 17
Mo sọ fún Ọ̀gá. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó ní, "Ẹni tí mo bá buwọ́ lùwé fún, wọ́n á rò pé mo rí i tó ṣe é." Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó forí lé dáàmù fúnra rẹ̀.

Túsìdé, 18
Ọ̀gá àti Agùntáṣọọ́lò ti dé láti dáàmù. Láàárọ̀, àwa mẹ́ta péré létí púùlù. Mo pe orúkọ náà síta — Ọlọ́runtọ́ba. Ó wọmi. Ó yọ dígí. Kò pẹ́ tó fi já sókè, ó ń lu omi, ó ń wúkọ́, ó dì mọ́ Ọ̀gá lọ́rùn bí ọmọdé. Ọ̀gá fa ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ya.

A jọ rìn wálé. Mo ní kó dárí jì mí, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun wọmi níbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, omi kún dígí, ẹsẹ̀ òun ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi wọ́ òun jáde. Ó ní láràárọ̀ lòun ń wo ọ̀nà, pé ìyàwó wa mọ̀, á ti sọ fún Ọ̀gá, wọ́n á wá mú òun lónìí.

Ó ní, "Ìyàwó, kí lò ń dúró dè?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.