Oúnjẹ Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò Mi

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópó Ilé Búrẹ́dì,
                                        Ìlá Ọ̀ràngún,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996.

Sẹ̀gilọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka èyí. Mo ti lọ́kọ. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti wà nílé ọkọ, ìwọ tí a jọ sùn lórí ẹní kan ní Ìgbájọ kò sì gbọ́. Má bínú sí mi. Dáhùnsí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ ní Kérésìmesì ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adémúyìwá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí a fẹ́ra, ilé ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn àgbà ní kí pásítọ̀ so wá pọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a fi ìdúpẹ́ sí ìgbà tí omijé bá gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mọ́.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúkúnlé ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé Purity ọmọ rẹ ti ń rìn? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti lọọlẹ̀? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Inú mi ń dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín níbi tí mo bá ti ń fọ abọ́. Bí ọkọ mi bá pè mí, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè tún orúkọ mi pè. Ọ̀rẹ́ mi, ìfẹ́ yìí dùn.

Ṣùgbọ́n ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àìsàn kan náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo mọ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Dókítà kan fún wa ní ìwé tó sọ iye kálórì, ìyẹn agbára tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń fún ara, àti iye tí kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́. Ṣé o rántí ẹni tó máa ń gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè? Mo fọ́nnu pé Kérésìmesì kò ní í bá ṣúgà yẹn níbẹ̀.

Láràárọ̀ ni mò ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ kaná pẹ̀lú oògùn búlúù tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì bàọ́lọ́jì. Bó bá dúró ní búlúù, ó dára. Bó bá pọ́n bí bíríkì, ewu ti dé nìyẹn. Mo dín iyán kù, ó pọ́n. Mo dín ẹ̀kọ kù, ó tún pọ́n. Ojú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú Bíbélì mọ́.

Mo wá ní bóyá ìwé náà ló ń parọ́. Màmá, ìyá ọkọ mi, ló ń di ẹ̀kọ tí a ń jẹ, ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹ̀kọ apá ibí kì í ṣe ọmọńdé bíi ti Ìbàdàn yín. Mo gbé ọ̀kan lọ sí ilé búrẹ́dì, mo bẹ Ìyá Mobọ́lájí tó ni ibẹ̀ kí wọ́n bá mi gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ lo fẹ́ tà tí o fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀?" Gbogbo àwọn tó ń po ìyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ahun ni wá ní Ìgbájọ tẹ́lẹ̀. Mo fara dà á, torí òótọ́ ni mo rí: ẹ̀kọ Màmá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì tinú ìwé. Mo sáré wálé tayọ̀tayọ̀, mo wọn iyán, mo wọn ẹ̀wà, mo tún gbogbo ìṣirò náà ṣe. Síbẹ̀ ìtọ̀ náà pọ́n.

Ẹ̀rù wá bà mí, nítorí ohun kan wà nínú ilé yìí. Lálaalẹ́, bí Màmá bá bu oúnjẹ tiwa tán, wọ́n á bu ti Adémúyìwá sínú àwo funfun rẹ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e sínú yàrá rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ìbàdàn ni wọ́n sin ín sí, o sì mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Màmá kò rí òkú, wọn kò rí ilẹ̀ tó bò ó. Ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ fún wọn pé ọmọ ti lọ. Bí wọ́n bá ti àdúrà ìdájí dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lọ gbé àwo náà, wọ́n á bá a ní mímọ́ tónítóní. Wọ́n á ní, "Ó ti jẹun." Èmi tí mò ń dá iná kí wọ́n tó dé, mo máa ń gbọ́ tí ṣíbí ń ha ìdí àwo nínú yàrá náà, orí mi á sì wú.

Ní oṣù tó kọjá, mo fi àdúrà sẹ́nu, mo ṣí ilẹ̀kùn náà. Dáhùnsí ló jókòó sórí ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé àwo lé itan, ó ń jẹ ẹ̀wà tó ti dì. Kò sá. Ó ní, "Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá bù ú, ilẹ̀ mọ́, oúnjẹ wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣubú lulẹ̀. Wọn ò jẹ, wọn ò mu, a rò pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rí àwo, wọ́n lọ wẹ̀, wọ́n béèrè omi. Báwo ni kí n ṣe dáwọ́ dúró?"

Mo fi àwo náà kún ìṣirò mi, gbogbo rẹ̀ sì wá bá ara mu. Mi ò rí ìṣirò tó tọ̀nà tó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá dáwọ́ dúró, ìyá rẹ̀ á wó. Bí kò bá dáwọ́ dúró, èmi á di opó kí aṣọ ìyàwó mi tó ṣá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró de Màmá, mo gbé ìtọ̀ náà kaná níṣojú wọn. Ó pọ́n. Wọ́n mọ àwọ̀ náà. Wọ́n ti rí i nínú ìtọ̀ Adémúyìwá. Wọ́n ní, "Dáhùnsí, kí lo jẹ?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Màmá pa iná sítóòfù. Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀ pé òkú kì í lo ṣíbí. Ṣùgbọ́n àwo ń ṣófo, mo ní kí n má béèrè." Wọ́n tún ní, "Àṣé ọ̀kan ni mò ń bọ́ tí mo fi ń pa èkejì."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún bù ú. Nígbà tó di ìdájí, mo di ọkọ mi lápá mú, síbẹ̀ mo gbọ́ ṣíbí. Dáhùnsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ là kedere, òun náà ń gbọ́. A di ara wa lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ni. Wọn kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omijé ń kán sínú àwo. Wọ́n ní, "Ẹ padà lọ sùn. Èmi tí mo sè é ni kí n jẹ ẹ́ tán."

Wọn kò bu oúnjẹ síbẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ ọkọ mi kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, ní àárọ̀ òní ó dúró ní búlúù. Mo jó yí sítóòfù ká, Sẹ̀gilọlá. Ọkọ mi ní orí mi dàrú, mo ní kí ó dàrú. Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ fún ọ: bí mo bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń yá.

Màmá ti dá ọjọ́ ìdúpẹ́ wa. Wọ́n ní yàrá náà kò gbọdọ̀ ṣófo mọ́, wọ́n sì ti yan ẹni tó máa sùn níbẹ̀. Ìwọ ni, àti Purity. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọdé sunkún nínú rẹ̀, kí ó tọ̀ sórí ibùsùn náà bó bá wù ú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á bà ọ́. Jọ̀wọ́, má kọ̀ fún wọn. Ẹ̀mí ọkọ mi rọ̀ mọ́ kí ilẹ̀kùn yẹn wà ní ṣíṣí, kí wọ́n má baà tún gbé àwo síbẹ̀.

Bá mi kí Olúkúnlé, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ fún mi. Sọ fún Bọ́láwùmí ọ̀rẹ́ wa pé kó má fi ti pé mi ò sọ fún un ṣe. Òun náà gbọ́dọ̀ wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilé yìí kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejìlá.

                                        Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
                                        Fúnminíyì, ìyàwó Dáhùnsí.