Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Doña Eduviges Matamoros, Tó Ka Ọwọ́ Ìlú San Roque del Ocotal fún Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ San Roque del Ocotal
Sí Nohemí àti Wilfredo Matamoros, àti gbogbo ẹbí, ní àdúgbò El Calvario

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa Ìgbìmọ̀ fi ń kọ ìwé yìí sí yín. Ìyá yín kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó gùn láìnídìí. Nítorí náà, ẹnu iṣẹ́ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wọn, níbi tí gbogbo ìlú ti mọ̀ wọ́n.

Òjò ń rọ̀. Doña Eduviges ń lọ láàárín àwọn bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìjọba ìbílẹ̀, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé kékeré lọ́wọ́ òsì. Àwọn ará ìlú na ọwọ́ kan sókè láti dìbò, wọ́n fi ìkejì di fìlà mú. Ìyá yín ń fi ìdí pẹ́ńsùlù kan ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kà á. Wọ́n kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì tún kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ìbáà ti tutù nílé. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Doña Edu, ẹ̀yin náà ti rí ọwọ́ mi látàárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀." Wọ́n dá a lóhùn láìwẹ̀yìn wò: "Ọwọ́ tí pẹ́ńsùlù mi kò bá kàn, n kò tíì rí i."

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìlànà ìpàdé gbangba wa ni pé ẹni tó ń ka ọwọ́ kì í gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, kì í sì í ka ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó bá kan òun fúnra rẹ̀ nìkan. Ìpàdé márùndínlọ́gọ́jọ ni orúkọ ìyá yín wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. A ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. A kò rí ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ti pa iye rẹ́ kí wọ́n tó kọ òmíràn. Alága mẹ́jọ ló jẹ, tí wọ́n sì lọ, lójú wọn. Kò sí ọ̀kan tó tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí wọ́n fi ẹyọ ọwọ́ kan kún un.

Ìpàdé kan wà nínú wọn tí a kò lè fò dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dùn yín.

Ó di ọdún kejìdínlógún báyìí. Tánkì omi kan ṣoṣo ló tọ́ sí ìlú wa lọ́dún náà, àdúgbò méjì ló sì ń fẹ́ ẹ: El Calvario lórí òkè, níbi tí ilé yín wà, àti La Vega nísàlẹ̀, níbi tí omi tí àwọn oko fi ń fọ kọfí ti ba odò jẹ́. Àwọn ará El Calvario pọ̀ ju àwọn ará La Vega lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà ìkórè kọfí ni, àwọn ará òkè sì ń sọ fún ara wọn pé, "Ọmọ àdúgbò wa ni yóò ka ọwọ́, kí ni a tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe?" Inú oko kọfí ni ìdajì wọn wà nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. A kò rò pé ìlú mìíràn wà tó lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Àwọn ènìyàn gbọ́kàn lé olùkà débi pé wọ́n gbàgbé láti wá, kí ó lè rí wọn kà.

Ìyá yín kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. La Vega ní méjìdínláàádọ́rùn-ún. El Calvario ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n kà á padà, bákan náà ni. Don Anastasio Cruz, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tacho, aládùúgbò yín tí ìyá yín gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, tí wọ́n sì tìtorí ìyẹn ń pe ara wọn ní comadre àti compadre, gun orí bẹ́ǹṣì.

"Comadre, ọwọ́ tiyín ńkọ́? Ẹ gbé e sókè kí ó di ọgbọọgba."

"Pẹ́ńsùlù ló wà lọ́wọ́ mi, compadre."

"Ẹ gbé e sókè tòun ti pẹ́ńsùlù náà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá yín kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ iye méjèèjì sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e fún akọ̀wé. Tánkì lọ sí La Vega.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni El Calvario fi pọn omi lẹ́yìn ìyẹn kí a tó rí tánkì kejì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ìyá yín nígbà náà, wọ́n sì ń gbé garawa tiwọn bíi gbogbo èèyàn. Nohemí, a mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pọn èyí tó pọ̀ jù nínú omi ilé yín. A sì mọ ohun tí ẹ ń gbọ́ lójú ọ̀nà orísun. "Ọmọ ẹni tí kò mọ ìṣírò ló ń bọ̀ yẹn." "Bá wa bi ìyá rẹ bóyá La Vega á bù díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa." Nígbà tí ẹ wá gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí yín lọ́fíìsì wa kí ẹ tó kó lọ sí Tegucigalpa, ẹ sọ pé ẹ kò lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá yín ní ọ̀dàlẹ̀. A gbọ́ ọ, a fún yín ní ìwé, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ó yẹ kí Ìgbìmọ̀ dìde ní gbangba lọ́sẹ̀ tí a ka ọwọ́ náà, kí ó sì sọ pé iye yẹn tọ̀nà. A ní ọ̀rọ̀ àdúgbò ni, yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. A ṣe àìdáa sí ìyá yín, a sì ṣe é sí yín. A kọ ọ́ síhìn-ín lábẹ́ òǹtẹ̀ ìlú.

Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn kan ti ń dábàá pé kí ìlú fún Doña Eduviges ní ìwé ìmọrírì tí a máa ń fún ọmọ ìlú kan ní ìpàdé oṣù Kejì. Ọwọ́ ìlú nìkan ló lè fún èèyàn ní ìwé yẹn, ẹlòmíràn ló sì gbọ́dọ̀ kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. La Vega kò gbà kí ará El Calvario kà á. El Calvario kò gbà kí ará La Vega kà á. Lọ́dọọdún ni alága ń sún un síwájú, lọ́dọọdún sì ni ìyá yín ń ka ọwọ́ fún ìmọrírì ẹlòmíràn: agbẹ̀bí, olùkọ́, ọkùnrin tó ń tún afárá ẹsẹ̀ ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ìyá yín fúnra wọn ka tiwọn, ta ni yóò ṣiyèméjì? Ìyá yín ní, "Bí mo bá ka tara mi, gbogbo èyí tí mo ti kà fún yín di irọ́." Wọ́n sì lọ to bẹ́ǹṣì.

Kí a tó ròyìn ìpàdé ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí Ìgbìmọ̀ ti pinnu láti ṣe. Bẹ́ǹṣì, kọfí àti búrẹ́dì fún àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án yóò máa wá láti ọ̀dọ̀ wa títí yóò fi parí. Wilfredo sọ pé òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò. Àwọn òṣìṣẹ́ wa yóò dé lọ́jọ́ Ajé láti tún un ṣe, kí àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè rí ibi sùn sí. Ẹ̀dà ojú ewé méjì wà pẹ̀lú ìwé yìí, ti ọdún tánkì àti ti oṣù Kejì ọdún yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ìṣírò ìyá yín, ẹ fún un kí ó kà á.

Nohemí, ẹ kò sí níbi ìpàdé oṣù Kejì yẹn. Bó ṣe lọ rèé.

Alága ka àbá náà, ó sì béèrè bí ó ti máa ń béèrè pé ta ni yóò kà á. Don Tacho ló dìde, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́.

"Kí ará La Vega kà á," ó ní.

"Don Tacho," ni alága wí, "ẹ̀yin gan-an lẹ kọ̀ ọ́ ní èṣí."

"Mo kọ̀ ọ́ ní èṣí. Mo ti darúgbó sí i láti èṣí." Ó kọjú sí gbogbo wa. "Èmi ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n ní ẹni tí kò mọ ìṣírò. Lọ́jọ́ tánkì yẹn, mo fi ọmọkùnrin mi mẹ́rin sílẹ̀ lóko kọfí, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Ọwọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé omi, tí mò ń ka ọwọ́ mẹ́rin yẹn lọ tí mò ń kà á bọ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ kí ará La Vega kà á."

Reina Suyapa Osorto, tó ń ṣe búrẹ́dì ní La Vega, dìde ó sì na ọwọ́ fún pẹ́ńsùlù. Ìyá yín gbé e fún un. Wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n káwọ́ lé itan. Reina fi pẹ́ńsùlù kan ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń rí i tí ìyá yín ń ṣe é láti kékeré. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, igba àti mẹ́ta. Láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, igba àti méjì.

"Ó ti tó," ni ẹnì kan wí. "Kí ni ọwọ́ kan nínú igba? Ẹ kọ igba, ká máa lọ jẹun."

"Tún un kà, Reina," ni ìyá yín wí.

"Doña Edu, tiyín mà ni."

"Ìdí tí o fi máa tún un kà nìyẹn."

Reina tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Don Tacho, ó dúró. "Don Tacho, ọwọ́ yín dà?"

"Èjìká ń dùn mí."

Ìyá yín kò yíjú padà. "Compadre, ọdún mẹ́fà lẹ fi gbé garawa tó kún. Ọwọ́ òfìfo ló wá ń wúwo?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, Don Tacho náà sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, àkọ́bí rẹ̀ sì di ìgúnpá rẹ̀ mú títí Reina fi lọ tó sì bọ̀. Igba àti mẹ́ta. Igba àti mẹ́ta. A béèrè ẹni tó lòdì sí i, kò sí. A kì í kọ àdúgbò sínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wa wà níbẹ̀: kò sí ọwọ́ ará El Calvario kan tó wà nílẹ̀, àfi ti ìyá yín.

Wọ́n gba ìwé ìmọrírì náà lọ́wọ́ alága, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì béèrè bóyá a ti kọ iye sínú ìwé ìpàdé. Akọ̀wé fi hàn wọ́n. Wọ́n ní ó dáa. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to bẹ́ǹṣì. A ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n ti di ìkángun bẹ́ǹṣì kan mú, Reina sì bá wọn gbé e ní ìkángun kejì. Nígbà tí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn wọ ibi tí ó ń gbé, wọ́n fi ìwé náà sábẹ́ apá, wọ́n wé ìborùn wọn, wọ́n sì bá ọ̀nà òkè lọ. Don Tacho ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n sì ń dúró dè é ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Kí Ọlọ́run fún wọn ní ìsinmi tí wọn kò fún ara wọn. Kí ó tu Wilfredo nínú nínú ilé tó dákẹ́ yẹn. Nohemí, kí ó bá yín gbé ìbànújẹ́ yìí, kí ó sì jẹ́ kí ẹ lè máa wá sílé láìsí ọ̀rọ̀ burúkú kan lójú ọ̀nà. Kí ó dáríjì àwa tí a pẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀. Àmín.

Ondina Velásquez
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo Ìgbìmọ̀